Ẹ Yé Sọ Fún Wa Pé Orin Lásán Ni

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti ń gún mi lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ fún pé orin òde òní ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìwà ló máa ń fi dá mi lóhùn: "Orin lásán ni." Ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́, ìyàwó àbúrò mi sọ ọ́, ọmọkùnrin tó ń gé irun fún mi náà gbọn irun kúrò lọ́rùn mi, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ má ro ó jù, orin lásán ni, kéèyàn ṣáà ti jó." Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀ míì, èmi á wá gbé e lọ sílé, màá máa rò ó kiri.

Kí n tètè sọ ọ́ kí wọ́n má baà yí i mọ́ mi lẹ́nu o, mi ò sọ pé ẹni tó bá gbọ́ orin ìbọn á dìde lọ gbé ìbọn. Mi ò sí lára àwọn tó ń sọ pé ọ̀dọ̀ sàtánì ni gbogbo orin tí ìlù ẹ̀ bá ti le ti wá. Mo fẹ́ràn fújì, mo fẹ́ràn orin táwọn ọmọ àdúgbò ń kọ báyìí, mo sì máa ń jó o. Àmọ́ àwọn tó bí wa ló sọ pé orin ní í ṣíwájú ọ̀tẹ̀, wọ́n sì ti rí i kí wọ́n tó sọ ọ́. Bí orin èébú bá ti ń ti agboolé kan bọ́ sí èkejì, àwọn àgbà ti mọ̀ pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n gbé kùmọ̀ jáde. Ṣé àwa tá a mọ ohun tí oríkì ń ṣe lára èèyàn, tá a ti rí ẹni tí wọ́n kì kì kì tó kó gbogbo owó àpò ẹ̀ sílẹ̀ tó wá fẹsẹ̀ rìn lọ sílé, ṣé àwa náà la ó wá máa sọ pé orin lásán ni?

Ọkùnrin tí gbogbo èèyàn dìde fún

Ibi ìkómọ kan ní Ìbàdàn, lápá Òkè-Àdó, ni ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ mí lára. Wọ́n ti fi kánópì dí títì, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, onífújì kan pẹ̀lú àwọn bọ́ìsì ẹ̀ sì ti ń lu nǹkan bọ̀ láti aago méjì. Bàbá tó bí bàbá ọmọ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá a jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, bàbá yìí ló kọ́ wa ní A B D, òun ló máa ń san owó ìdánwò fún ọmọ tí òbí ẹ̀ ò bá rí i san, tí kò ní sọ fún ẹnì kankan. Onífújì dárúkọ bàbá lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí wọ́n pẹ́, bàbá fi ẹgbẹ̀rún kan lé e lórí, ó parí.

Ìgbà tó yá ni ọ̀dọ́kùnrin kan wọlé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́rin. Orin ọmọ tuntun ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́, orúkọ ọmọ gan-an ló wà lẹ́nu onífújì, ló bá gé e sí méjì. Ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó béèrè orúkọ lọ́wọ́ ọmọ tó ń ta ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìyẹn sọ ọ́ sí i létí, kí n tó ṣẹ́jú ìlù ti yí, onígángan ti gba abẹ́ kánópì kọjá, ó ti dé iwájú ọ̀gbẹ́ni yẹn, ó ti tẹ orí ba. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Olówó tí kì í ka owó. Ẹni tí ọlọ́pàá ń kí. Ọmọ tó bí bàbá ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀gbẹ́ni náà tú bọ́ńdù owó, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ náà tú tiwọn, gbogbo èèyàn dìde, àwọn obìnrin gbé fóònù sókè. Lórí tábìlì tiwa, ẹnì kan rọra sọ pé EFCC ti gbé e rí, èkejì ní ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó obìnrin kan ni, àwọn tó sọ ọ́ náà dìde, wọ́n ń jó.

Kì í ṣe ìyẹn gan-an ló gún mi, torí kò sí ẹni tí kò tíì rí irú ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wà ní bálùwẹ̀, ó ń wẹ̀, ó ń fi ọwọ́ lu bọ́kẹ́ẹ̀tì bíi pé gángan ni, ó sì ń kọ orin yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò fo ìlà kan. Àmọ́ ó ti yọ orúkọ ọ̀gbẹ́ni yẹn kúrò, Àkànní tiẹ̀ ló fi sí i. Àkànní olówó tí kì í ka owó. Àkànní tí ọlọ́pàá ń kí.

Nígbà tó jáde mo bi í pé ta ni wọ́n ń kọ orin yẹn fún. Ó ní ọkùnrin tí gbogbo èèyàn dìde fún ni. Mo ní ṣé ó mọ iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe, ó ní rárá. Mo wá ní bàbá àgbà ńkọ́, ṣé wọn ò kọrin fún bàbá ni? Ó wò mí, ó ní, "Wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kankan ò dìde."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ọmọ náà ò parọ́. Kò kọ́ jìbìtì níbẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lu èèyàn ní jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó kọ́ ni ẹni tí ayé ń dìde fún, orin ló fi kọ́ ọ, ó sì ti fi orúkọ ara ẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó ń wọlé láì kan ilẹ̀kùn

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ohun táwọn onímọ̀ ti ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan wà tí mi ò lè gbàgbé. Ní 1997, Adrian North àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ gbé àbájáde kan jáde nínú Nature, ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Inú súpámákẹ́ẹ̀tì kan ní England ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n to wáìnì Faransé àti ti Jámánì tí owó wọn ò jìnnà síra sórí pẹpẹ kan náà, wọ́n wá ń fi orin Faransé sí i lọ́jọ́ kan, orin Jámánì lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ orin Faransé, ìgò wáìnì Faransé 40 ló tà, ti Jámánì 8. Lọ́jọ́ orin Jámánì, ti Jámánì tà 22, ti Faransé sì já sí 12. Nígbà tí wọ́n bi àwọn tó rà á pé ṣé orin yẹn ló jẹ́ kí wọ́n mú èyí tí wọ́n mú, ọ̀pọ̀ jù lọ ní rárá o.

Ẹ tún un kà. Àgbàlagbà ni wọ́n, owó wọn ni wọ́n fi rà á, orin ti wọ ọ̀rọ̀ náà, wọn ò sì mọ̀. Torí ẹ̀ ni mi ò fi lè gba ẹ̀rí ẹni tó bá sọ pé "èmi ń gbọ́ ọ, kò ṣe mí ní nǹkan kan." Báwo lo ṣe máa mọ̀?

Èkejì, Craig Anderson àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, 2003. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n dán an wò, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 500 ni wọ́n lò, wọ́n rí i pé orin tí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ jẹ́ ti ìwà ipá máa ń jẹ́ kí inú olùgbọ́ le, kó sì máa ro ọ̀rọ̀ ìjà ju ẹni tó gbọ́ orin tí kò ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú lọ. Wọ́n fi kún un pé ó lè má pẹ́ lára. Ìrònú àti bí nǹkan ṣe rí lọ́kàn ni wọ́n wọ̀n, wọn ò tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ sí ìta láti wò ó bóyá ó jà.

Ẹ̀kẹta ló bá ọ̀rọ̀ mi mu jù. Àwọn RAND, ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é, 2006 ló jáde, ọmọ 1,461 tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 12 sí 17 ni wọ́n tẹ̀ lé fún ọdún bíi mẹ́ta. Àwọn tó ń gbọ́ orin tó ń sọ obìnrin di nǹkan ìlò, tó ń sọ ọkùnrin di ẹni tí kò lè kóra ẹ̀ ní ìjánu, àwọn yẹn ló tètè bẹ̀rẹ̀ ìbálòpọ̀ ju àwọn yòókù. Orin tó sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ láì tẹ́ ẹnikẹ́ni ò fi irú ẹ̀ hàn. Lóòótọ́, ọmọ tí nǹkan yẹn ti wà lọ́kàn ẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó máa ń wá irú orin bẹ́ẹ̀ kiri, kò túmọ̀ sí pé orin nìkan ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ìyàtọ̀ wà: ọ̀rọ̀ kan náà ni orin méjèèjì ń sọ, ipò tí wọ́n fi èèyàn sí ló yàtọ̀. Ẹni tí orin gbé ga àti ẹni tí orin tẹ̀ mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ló yẹ ká máa wò, dípò ká máa ka iye ìgbà tí wọ́n dárúkọ ìdí.

Bó bá jẹ́ lásán ni, kí ló dé tí wọ́n ń sanwó fún un?

Ní 1989, King Sunny Adé àti Onyeka Onwenu jọ kọ orin méjì, Choices àti Wait for Me, lórí ìfètò sọ́mọ bíbí. Owó ètò ìlera ló wà nídìí ẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì gbé owó sílẹ̀. Wọ́n fẹ́ káwọn ọ̀dọ́ ní sùúrù, kí tọkọtaya jọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bímọ, wọ́n wá wò ó pé pósítà ọsibítù ò lè ṣe é, ẹ jẹ́ ká wá olórin. Èmi ò mọ ẹni tó bú wọn nígbà yẹn pé wọ́n ń fowó ṣòfò. Bí ìbò bá ń bọ̀, ṣé a kì í rí i báwọn olóṣèlú ṣe máa ń wá olórin kiri ni? Ilé iṣẹ́ tó ń ta ọtí ńkọ́, àwọn tó ń ta dátà ńkọ́?

Orin tó lè mú kí obìnrin lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kó lọ béèrè nǹkan tí kò béèrè rí, orin yẹn kan náà ló lè mú kí ọmọkùnrin wo tíṣà bí ẹni tí kò já mọ́ nǹkan kan. A ò lè gba apá kan ká wá sọ pé èkejì ò sí.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Wọ́n á ní Yahooze tí Olu Maintain kọ ní 2007, orin tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé àwọn ọmọ Yahoo ló ń yìn, ṣebí Colin Powell, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó tún ṣe akọ̀wé fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè wọn, jó o lórí pèpéle ní Royal Albert Hall ní London ní 2008, ṣé ó wá di ọmọ Yahoo ni? Kò dì í. Ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, tó ti ṣe ogun, tó ti ṣe ìjọba, ayé ẹ̀ ti ní àpẹẹrẹ tó pọ̀ tó fi lè jó ijó kó sì lọ sùn. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ò tíì ní. Ohun tó bá kọ́kọ́ rí tí wọ́n dìde fún ló máa fi wọn ìyókù. Jìbìtì ti wà kí Yahooze tó jáde, àìríṣẹ́ ti wà, mi ò sọ pé orin ló dá a sílẹ̀. Ohun tí orin ṣe ni pé ó bọ́ ìtìjú kúrò lára ẹ̀. Láyé ijọ́sí, ẹni tó bá ń jalè máa ń sá pamọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Ìjọba ò lè bá wa mú un

Àwọn kan á ní kí ìjọba fòfin dè é. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ o. Ní oṣù kẹjọ 2017 NBC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, fòfin de àwọn orin kan lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, Wo!! ti Olamide wà níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìjọba àpapọ̀ náà ní fídíò ẹ̀ ta ko òfin tábà ti 2015. Orin náà ṣì wà lórí fóònù gbogbo ọmọ tó fẹ́ ẹ. Ní oṣù karùn-ún 2019 àwọn EFCC mú Naira Marley, ní àkókò kan náà tí orin Am I a Yahoo Boy tó kọ pẹ̀lú Zlatan jáde. Ẹ̀sùn káàdì báńkì ni wọ́n gbé lọ sí kóòtù, kì í ṣe ẹ̀sùn orin, ó sì sọ pé òun ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n kí oṣù mélòó kan tó kọjá, àwọn ọmọ tó ń pe ara wọn ní Marlian ti kún ilé ìwé, tí wọn ò de bẹ́líìtì mọ́. Gbígbé tí wọ́n gbé e sọ orúkọ ẹ̀ di ńlá ni.

Ẹjọ́ kan wà tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi dáadáa, ẹjọ́ Simon Bikindi, olórin ilẹ̀ Rwanda. Gbajúmọ̀ ni, orin ẹ̀ dùn, rédíò RTLM sì ń lù ú nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ẹ̀yà Tutsi níbẹ̀ ní 1994. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Arusha ní Tanzania nítorí ìpakúpa náà. Àwọn adájọ́ gbà pé wọ́n lo orin ẹ̀ láti fi ru ìkórìíra sókè. Síbẹ̀ nígbà tí wọ́n máa dá a lẹ́bi ní oṣù kejìlá 2008, tí wọ́n fún un ní ẹ̀wọ̀n ọdún 15, orin kọ́ ni wọ́n dá a lẹ́bi lé lórí. Ọ̀rọ̀ tó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ lórí títì ní oṣù kẹfà 1994 ni, níbi tó ti ń pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n jáde lọ pa àwọn Tutsi run. Ilẹ̀ Benin tó wà nítòsí wa níbí ló ti ṣẹ̀wọ̀n, ibẹ̀ náà ló kú sí ní 2018.

Mi ò fi àwọn olórin wa wé e o, kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí nínú ẹ̀ ni pé òfin mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀rọ̀ tó bá sọ pé "ẹ lọ ṣe báyìí." Orin kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀. Orin máa ń sọ pé ta ni èèyàn, ta ni kì í ṣe èèyàn, ta ló tó kí, kò sì sí kóòtù tó lè ṣẹ́jọ́ ìyẹn. Ọwọ́ àwa tá a ń dìde ló wà.

Ibi tí owó ń gbà

Ká má parọ́ mọ́ àwọn àgbà, kò bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Nígbà tí owó epo dé ní àwọn ọdún 1970, orúkọ àwọn olówó àti kọngílá ló kún inú àwo, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ibi tí owó ti wá. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti jogún ẹ̀.

Mo wá onífújì yẹn lọ. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ̀. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó ní kí n jókòó, ó sì ṣàlàyé ìṣirò ẹ̀ fún mi láì fi nǹkan kan pamọ́. Owó àsansílẹ̀ tí wọ́n ń fún un, ọkọ̀ àti epo jẹnẹrétọ̀ ló ń jẹ ẹ́, nígbà míì kì í tó. Àwọn bọ́ìsì ẹ̀ jẹ́ mọ́kànlá, gbogbo wọn ló nílé. Owó tí wọ́n bá ná lé e lórí ni owó oṣù wọn. "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ bàbá tíṣà, èmi náà ì bá kì wọ́n títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ní. Ẹni tó bá tú bọ́ńdù ló sanwó ilé ìwé ọmọ onígángan mi."

Ẹ̀rí ọkàn mi ò jẹ́ kí n bá a jà. Òfin CBN, báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, ti 2007 ti ní ẹni tó bá ń fọ́n náírà níbi àríyá lè ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù mẹ́fà tàbí kó san owó tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì, wọ́n sì ti fi òfin yẹn rán Bobrisky lọ sẹ́wọ̀n ní 2024, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ná an nìyẹn ń mú. Kò sọ bí olórin ṣe máa jẹun tí wọ́n ò bá ná an. Bí ọ̀nà oúnjẹ olórin bá ṣì gba ọ̀dọ̀ ẹni tó bá gbé bọ́ńdù wá, a ò lè retí pé ẹni tó ṣiṣẹ́ rere tí kò lówó ló máa kì. Ẹ má jẹ́ ká dá olórin nìkan lẹ́bi. Ẹbí ló ń ṣe ìnáwó, ẹbí ló sì ń jẹ́ kí àlejò tí wọn ò mọ iṣẹ́ ẹ̀ wá gba orin lẹ́nu ọmọ tuntun.

Ìyá wa máa pé 70 ní oṣù kejìlá. Èmi àtàwọn àbúrò mi ti fẹnu kò: a máa san owó onífújì náà pé kó tó gbé ìlù wá, kò ní sí owó nínáná, a sì máa fún un ní orúkọ àwọn tó máa kì. Nọ́ọ̀sì tó gbẹ̀bí àwa mẹ́ta wà níbẹ̀, káfíńtà tó kan àga ṣọ́ọ̀ṣì láì gba kọ́bọ̀, bàbá tíṣà náà wà níbẹ̀. Nígbà tí mo fi orúkọ wọn hàn án, kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé fóònù ẹ̀ jáde, ó ń bi mí lọ́kọ̀ọ̀kan pé ìran wo ni wọ́n, ọmọ ibo ni, kí ni wọ́n ń pe bàbá wọn, torí ó ní òun ò lè kì èèyàn lófìfo. Mi ò mọ ti nọ́ọ̀sì. A pè é lórí fóònù níbẹ̀, ó ní ìran Oníkòyí làwọn, ó sì ń béèrè pé kí lẹ fẹ́ fi ṣe. Ti káfíńtà ṣì kù. Owó tí mo pè kò tíì tẹ́ onífújì lọ́rùn, ó ní ti bọ́ìsì mọ́kànlá kò jáde níbẹ̀, a sì máa tún pàdé lọ́jọ́ Sátidé láti dúnàádúrà ẹ̀.